Bàbá Tíṣà àti Ẹni Tí Ọ̀rọ̀ Ẹrú Kàn

Wáyà tó bá mi ní iléeṣẹ́ ìwé ìròyìn wa n'Íbàdàn kò ní ju ọ̀rọ̀ díẹ̀ lọ: Bàbá ti sùn, máa bọ̀ nílé. Mo kà á, mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo sì ń bá iṣẹ́ mi lọ. Ọ̀gá mi ló wá bi mí pé kí ló dé tí mo fi ń kọ gbólóhùn kan náà léraléra. Mo fi gègé sílẹ̀, mo lọ wá ọkọ̀ Adó.

Bàbá tó bí bàbá mi ló kú. Gbogbo Òkè-Ìlá l'Ádó-Èkìtì ń pè é ní Bàbá Tíṣà, nítorí pé ó ṣe olùkọ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ Àgùdà títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó sì fi ọjọ́ ogbó rẹ̀ kọ ìwé fún àwọn ọmọdé. Kì í ṣe ìwé àlọ́. Ìwé ohun tó ṣẹlẹ̀ ni: bí ayé ṣe rí, bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń sin Ọlọ́run, ogun tó jà, ìdí tí ebi fi ń pa àwọn kan tí àwọn mìíràn sì ń da oúnjẹ nù. Nígbà tí ìjọba sọ ilé-ẹ̀kọ́ di ọ̀fẹ́, tí àwọn ọmọ kún kíláàsì bí eéṣú, àwọn ìwé pẹlẹbẹ tó kọ wà lára ohun tí wọ́n ń kà.

Ní ibi ìsìnkú rẹ̀, ìbéèrè kan náà ni gbogbo ẹni tó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ń bi mí. Wọn kò béèrè àìsàn tó pa á. Wọ́n ń béèrè bóyá lóòótọ́ ni pé òun ló fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́, láìsí ẹni tó fipá mú un, nígbà tí wọ́n ti fẹ́ fi í jẹ oyè. Ọkùnrin kan láti Ìyìn-Èkìtì di ọwọ́ mi mú, ó ní, “Ìwọ akọ̀ròyìn, wọ́n ní o wà níbẹ̀. Ṣé orí Tíṣà pé lọ́jọ́ náà?”

Orí rẹ̀ pé. Mo sì wà níbẹ̀. Mo ti dúró síbi tí ilé ti ń jó, mo ti dúró létí odò tí wọ́n ti ń fa mọ́tò jáde pẹ̀lú èrò inú rẹ̀, mo sì kọ ìròyìn wọn láìṣe àṣìkọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá rántí ohun tí mo rí ní àgbàlá wa ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi yẹn, títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, mo ń kọ, mo ń pa á rẹ́.

N kò ní to ìgbésí ayé rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Irú ènìyàn tó jẹ́ ni mo fẹ́ sọ, kí ẹni tó bá ń béèrè lè mọ̀ pé ohun tó ṣe lọ́jọ́ náà kì í ṣe wèrè. Bó ṣe ń ṣe gbogbo nǹkan rẹ̀ ló ṣe é.

Abẹ́ igi ọsàn níwájú ilé ló ti ń kọ̀wé. Bí àwọn ọmọ àdúgbò bá dé láti ilé-ẹ̀kọ́, wọ́n á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á sì ka ohun tó kọ láàárọ̀ fún wọn. Kì í bi wọ́n bóyá ó dùn. Ojú wọn ló ń wò. Bí ọmọ kan bá yán, á fa ìlà gba inú gbólóhùn tó wà lẹ́nu rẹ̀ lásìkò yẹn. Bàbá mi sọ fún un nígbà kan pé ibà ló ń ṣe ọmọ tó ń yán yẹn. Ó ní òun mọ̀, ṣùgbọ́n gbólóhùn náà gùn jù bákan náà.

Olùkọ́ kan tó kéré sí i lọ́jọ́ orí wá bá a lọ́jọ́ kan lórí orí ìwé tó kọ nípa bọ́ǹbù tó jó ìlú kan run ní Japan. Olùkọ́ náà ní irú ọ̀rọ̀ báyìí wúwo jù fún ọmọdé, ó ní kí Bàbá fi í sílẹ̀ di ìgbà tí wọ́n bá dàgbà. Bàbá gbọ́ ọ tán, ó ní, “Ọmọdé kì í ṣe àgbà tó kéré. Ẹni tí a kò tíì purọ́ fún púpọ̀ ni.”

Òfin rẹ̀ tó le jù kì í ṣe ti àwọn ọmọ. Orí kan kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé àfi tó bá ti kà á sókè sí etí ẹni tó kàn. Bó bá kọ nípa Mùsùlùmí, Mùsùlùmí ló gbọ́dọ̀ gbọ́ ọ. Bó bá kọ nípa àwọn Àládùúrà, á lọ jókòó lórí ẹní wọn, á bọ́ bàtà rẹ̀, á kà á. Lẹ́yìn náà á dákẹ́. Ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn ni yóò sọ ibi tí irọ́ wà.

Àáfà Súlè, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kéwú nítòsí wa, ló rí irọ́ tó tóbi jù. Bàbá ti kọ ọ́ pé àwọn Mùsùlùmí ń kọjú sí ìlà-oòrùn nígbà ìrun nítorí pé ibẹ̀ ni ìmọ́lẹ̀ ti ń wá. Bẹ́ẹ̀ náà ló fi kọ́ni ní gbogbo ọdún tó fi wà lẹ́nu iṣẹ́. Àáfà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Ó ní àwọn kì í kí oòrùn, Mẹ́kà ni àwọn ń kọjú sí. Ó kàn jẹ́ pé ọ̀nà ibẹ̀ ni oòrùn ń gbà yọ sí àwa tí a wà l'Ádó ni. Ó ní bí òun bá wà ní Íńdíà, ìwọ̀-oòrùn lòun máa kọjú sí.

Bàbá kò rẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọ tó ti fi irọ́ náà kọ́ ló ń rò. Láti ọjọ́ yẹn, bó bá pàdé ẹni tó ti kọ́ rí, yálà lọ́jà tàbí lọ́nà ṣọ́ọ̀ṣì, á dá a dúró. Awakọ̀ lọ́rì kan sọ tirẹ̀ fún mi níbi ìsìnkú. “Mo ti kó iṣu kún ọkọ̀, èrò ń pariwo pé ká máa lọ, Tíṣà yọ síwájú mi, ó na ọwọ́ sókè. Àyà mi já. Mo rò pé wọ́n rán an sí mi pé ẹnìkan kú nílé ni. Ó ní, ‘Ohun tí mo kọ́ ọ nípa àwọn Mùsùlùmí àti oòrùn, irọ́ ni. Jọ̀ọ́, gbàgbé rẹ̀.’ Mo ní, ‘Tíṣà, ọjọ́ tí ẹ kọ́ mi náà ni mo ti gbàgbé rẹ̀.’”

Àwọn ará ìjọ tirẹ̀ náà kò jẹ́ kó sinmi. Àgbà ìjọ kan wá, ó ní ìwé náà dára, ṣùgbọ́n kí Bàbá fi gbólóhùn kan parí gbogbo orí tó bá jẹ mọ́ ẹ̀sìn mìíràn, kó kọ ọ́ pé ọ̀nà ègbé ni àwọn wọ̀nyí ń tọ̀. Bàbá kò bá a jiyàn. Ó kọ gbólóhùn náà sórí tákàdá kan lójú rẹ̀, ó dìde, ó wọ bàtà. Ó ní ó yá, kí àwọn méjèèjì jọ lọ kà á fún Àáfà Súlè, nítorí pé òfin òun nìyẹn. Àgbà ìjọ rántí pé òun ní ìpàdé. Bàbá ń sìn ín lọ sójú títì, ó ń bi í pé nígbà wo ni ìpàdé náà máa tán. Ohun tó sọ fún mi nígbà tó padà dé ni pé, “Ohun tí o kò lè sọ lójú aládùúgbò rẹ, má fi kọ́ ọmọ rẹ.”

Ọ̀rọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Híńdù ló gbé e dé ọ̀dọ̀ mi n'Íbàdàn. Kò rí ẹlẹ́sìn Híńdù kankan l'Ádó. Ó sọ̀ kalẹ̀ nínú lọ́rì, eruku bò ó lójú, ó ní kí n wá ẹnìkan fún òun. Mo mú un lọ sí ìsọ̀ ará Íńdíà kan tó ń ta aṣọ. Bàbá dúró níwájú káńtà, ó ń kà á ní Yorùbá, èmi ń túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì, àwọn oníbàárà ń wò wá bí ẹni ń wo iwin. Ojú ń tì mí. Ará Íńdíà náà kọ́kọ́ ń wọn aṣọ rẹ̀ lọ, nígbà tó yá ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó tún ohun tí Bàbá kọ nípa òkú sísun ṣe, ó tún ti màlúù ṣe, ó sì lọ gbé àga wá fún un látẹ̀yìn. Mo túmọ̀ ọ̀rọ̀ tó sọ gbẹ̀yìn fún Bàbá lójú ọ̀nà: “Láti ìgbà tí irun mi ti dúdú ni mo ti ń tajà fún yín. Iye tí mo ń tà á nìkan lẹ ń bi mí.”

Nígbà tó sì kọ nípa ogun ńlá tó kọjá, ó wọ ọkọ̀ lọ sí Igbemo-Èkìtì lọ́dọ̀ sójà kan tó bá àwọn òyìnbó lọ jagun ní Bọ́mà. Àgbẹ̀ ni ọkùnrin náà báyìí. Ó ń kọ ebè lọ bí Bàbá ṣe ń kà á, kò sọ nǹkan kan títí Bàbá fi dé ibi tó kọ pé, “Ní ìgbẹ̀yìn, a ṣẹ́gun.” Ọkùnrin náà fi ọkọ́ rẹ̀ gúnlẹ̀. “Tíṣà, ta ni ‘a’? Mo lọ, mo bọ̀, oko bàbá mi náà ni mo bá nílẹ̀.” Bàbá pa “a” rẹ́, ó kọ “wọ́n” sí i.

Ẹni kan ṣoṣo ló wà tí kò fẹ́ràn òfin yìí rárá, ìyàwó rẹ̀ ni, ìyá àgbà mi, tí gbogbo wa ń pè ní Yèyé. Aṣọ kíjìpá ni Yèyé ń hun. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n òfì rẹ̀ kò jìnnà sí igi ọsàn, nítorí náà kò sí orí ìwé kankan tí kò gbọ́. Bí Bàbá bá kọ ohun tó dùn mọ́ ọn, á máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí kò bá dùn mọ́ ọn, ariwo òfì náà á dákẹ́. Ó ní ọkọ òun ń fi ọ̀rọ̀ lé ènìyàn. Ó ní ohun tí àwọn àgbà bò mọ́lẹ̀, iyanrìn kọ́ ni wọ́n fi bò ó, ẹ̀jẹ̀ ni. Nígbà tí inú bá bí i, kì í fi orúkọ ọmọ wọn pè é mọ́, ó ń pè é ní Tíṣà bí ará ìta. Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ kan tó ní, “Tíṣà, ayé tí ò ń wá kiri yìí, ó máa tẹ̀lé ọ wọ ulé.”

Mo wá dé ibi ọ̀rọ̀ náà.

Olóyè ilé wa ti kú, àwọn ẹbí sì ti fohùn ṣọ̀kan pé Bàbá ni yóò jẹ oyè náà. Gbogbo wa mọ bí ó ṣe fẹ́ oyè náà tó. Bàbá rẹ̀ jẹ ẹ́ rí. Ó ti ra bàtà. Ó máa ń rìn nínú yàrá rẹ̀ bí olóyè nígbà tó bá rò pé a kò rí òun. Yèyé náà ti hun aṣọ tó máa wọ̀ lọ́jọ́ náà, funfun pẹ̀lú ìlà aró tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì ń fi í han gbogbo obìnrin tó bá wá kí i. Òfin kan ṣoṣo ló wà nídìí oyè yẹn, gbogbo ọmọ ilé wa ló mọ̀ ọ́n láti kékeré: ẹni tí a fi owó ra ìyá rẹ̀ kì í jẹ ẹ́.

Lásìkò náà gan-an ni Bàbá ń parí ìwé ìtàn kan fún àwọn ọmọ, orí tó kù sì ni èyí tó sọ nípa òwò ẹrú. Àwọn ìwé tó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ máa ń sọ pé òyìnbó gbé ọkọ̀ wá, ó kó ènìyàn lọ, ó parí. Bàbá ní kò parí síbẹ̀. Ó kọ ọ́ pé àwa náà mú ara wa, pé nígbà ogun, àwọn ìlú wa ta ọmọ ara wọn, àwọn tí wọ́n rà sì wà láàárín wa. Ó kọ ọ́ tán. Ó wá ku ẹni tí yóò kà á fún.

Kò rí ẹnìkan. Ó béèrè l'Ádó, wọ́n ní kò sí irú rẹ̀ ládùúgbò àwọn. Ó lọ sí Ìyìn, àgbàlagbà kan dá a lóhùn pé kò sí ẹrú ní ìlú àwọn rí, ọmọ ọba ni gbogbo àwọn. Bàbá ní, “Ta wá ló ń roko fún ọba?” Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n fún un lóbì. Ó padà dé, ó jókòó sábẹ́ igi ọsàn, kò sì ka nǹkan kan fún àwọn ọmọ fún ìgbà pípẹ́. Bàbá mi bẹ̀ ẹ́ pé kó fi orí yẹn sílẹ̀ tàbí kó tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní, “Ṣé àwọn tó ti kú la máa ń kọ ìtàn wọn láìbéèrè ni?” A kò mọ ohun tó ń rò.

Ọjọ́ Ìsinmi tí àwọn ẹbí wá sí Òkè-Ìlá láti bá a jíròrò ètò oyè náà, mo ti Ìbàdàn wá. Àgbàlá kún. Àwọn àgbà wà lórí àga, àwọn obìnrin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, Yèyé wà nídìí òfì rẹ̀. Bàbá Ìlésanmí, olórí ẹbí, fẹ́ gba àdúrà ìbẹ̀rẹ̀. Bàbá ní kó fún òun láyè díẹ̀. Ó pe àwọn ọmọ tó ń ṣeré níta, ó ní kí wọ́n wá jókòó sílẹ̀ níwájú. Ó yọ tákàdá.

Àwọn àgbà rẹ́rìn-ín. Ẹnìkan ní kí wọ́n jẹ́ ó kà á, pé olóyè tó mọ̀wé ni àwọn ń fẹ́. Ó kà á, ohùn kan náà tó fi ń ka ti bọ́ǹbù àti ti màlúù ló fi kà á. Ó ka bí wọ́n ṣe ń mú ènìyàn lóko. Ó ka òwe tí gbogbo wa mọ̀, pé ẹrú kú, ìyá rẹ̀ kò gbọ́. Ọmọ kú, ariwo gba ilé. Bẹ́ẹ̀ ẹrú ti ṣe ọmọ rí nílé ìyá rẹ̀. Ó ka bí àwọn tí wọ́n rà ṣe di ìyàwó, di ìyá ọmọ, tí wọ́n sì gbàgbé orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ nílé bó bá ti pẹ́. Ó ká tákàdá náà. Ó dákẹ́, bó ṣe máa ń dákẹ́.

Bàbá Ìlésanmí wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ó ní òun mọ òfin Tíṣà, ṣùgbọ́n ta ni ọ̀rọ̀ yìí kàn nínú ilé yìí tó fi wá ń kà á fún àwọn?

“Èmi ni,” Bàbá wí.

Mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa. Àbúrò bàbá mi obìnrin tó jókòó tì mí ṣì ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹ̀rín náà kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun kúrò lójú rẹ̀.

“Ìyá mi tí ẹ̀ ń pè ní Ìyá Aláró,” Bàbá ń bá ọ̀rọ̀ lọ, “ẹ rò pé aró ló gbé e wá sí Adó. Wọ́n mú un lóko nígbà ogun, wọ́n tà á lọ́jà, bàbá mi rà á. Òun ló sọ ọ́ fún mi kó tó kú. N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí.”

Mo gbọ́ adìyẹ kan tó ń ha ilẹ̀ lẹ́yìn ilé. Mo wo bàbá mi, ọmọ rẹ̀ àkọ́bí: ó ti la ẹnu, ó sì na ọwọ́ síwájú bí ẹni fẹ́ gba nǹkan tó ń já bọ́. Gbogbo ìgbésí ayé mi ni mo fi ń béèrè ọ̀rọ̀ lẹ́nu ènìyàn, mo sì ti jókòó ti bàbá yìí láti kékeré. Kò wá sí mi lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan rí pé kí n bi í ta ni ìyá rẹ̀.

Bàbá Ìlésanmí ló kọ́kọ́ rí ohùn. Ó rọra sọ ọ́, bí ẹni ń bá ọmọ tó gun igi sọ̀rọ̀. “Tíṣà, sọ pé ìwé lo kà. Sọ pé àpẹẹrẹ ni. A ó gbà á gbọ́.”

Ìyọ́nú ńlá ni. Ojú mi ni wọ́n ṣe ṣílẹ̀kùn fún un. Gbogbo àgbàlá ń wò ó pé kó gbà á. Bàbá náà mọ̀ ọ́n. Ó wá nawọ́ sí àwọn ọmọ tó jókòó nílẹ̀.

“Ẹ̀yin ó gbà á gbọ́. Àwọn wọ̀nyí ńkọ́?”

Ọ̀kan nínú wọn, Bọ́lá, ọmọ àbúrò bàbá mi, gbé ojú sókè. Kò mọ̀ pé ohunkóhun ti fọ́. Ó béèrè bó ṣe máa ń béèrè lábẹ́ igi ọsàn pé, “Bàbá, ta ló ta ìyá yín?”

“Ẹni tó ní ọmọ tirẹ̀ nílé ni,” Bàbá dá a lóhùn.

Wọn kò bínú sí i. Ìyẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Wọ́n dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n kí i, wọ́n lọ, bí ẹni tó wá síbi ọ̀fọ̀. Oyè náà lọ sí ìdílé mìíràn nínú ẹbí wa kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń fẹ́ ọmọbìnrin kan nílé wa kò wá mọ́, wọn kò sì sọ ìdí. Bàbá Ìlésanmí kò tún gbé ẹsẹ̀ wọ Òkè-Ìlá títí di ọjọ́ tí a gbé Bàbá sin níwájú ilé ara rẹ̀. Ó dúró létí sàréè, ó ti gbó gan-an, ó ń gbọ̀n lórí ọ̀pá. Ó sọ ọ́ fún mi láìjẹ́ pé mo bi í: “Mo fi ọ̀nà tó máa gbà sá hàn án. Ó wò ó, kò gbà á.”

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Ìsinmi yẹn ni mo ní tí ẹnìkan kò ní. Gbogbo Adó ló ní ìyẹn. Èyí tó tẹ̀lé e, àwa mẹ́ta péré la wà níbẹ̀, ọ̀kan sì ti lọ. Yèyé ló fún mi láyè láti kọ ọ́, lẹ́yìn ìsìnkú, kò sì fún mi láyè gbogbo rẹ̀.

Yèyé ti dìde nídìí òfì lọ́jọ́ náà kí àwọn àlejò tó lọ, ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Láti ìgbà náà kò bá Bàbá sọ̀rọ̀. Ó ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó ń lọ. Aṣọ oyè tó hun wà lórí àpótí, kò ká a, kò gbé e kúrò. Mo tọrọ àyè sí i níbi iṣẹ́, mo dúró tì wọ́n, nítorí pé ẹ̀rù ń bà mí. Gbogbo wa gbà pé ìtìjú ló pa á lẹ́nu mọ́, pé oyè tó bọ́ ló ń dùn ún, àti pé ó ń rò ó pé ọmọ ẹrú lòun ti fẹ́ láti ọjọ́ yìí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Bàbá wà lábẹ́ igi ọsàn, ó ń ka orí náà kẹ́yìn kó tó fún atẹ̀wé. Mo jókòó tì í. Yèyé jáde. Kò lọ sídìí òfì. Ó wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ, ibi tí n kò rí i jókòó sí rí, ó tẹ́ ọwọ́ méjèèjì sórí orúnkún.

Ó ní, “Kà á fún mi.”

Bàbá ní ó ti gbọ́ ọ lọ́jọ́ yẹn.

“Ò ń kà á fún ẹbí rẹ lọ́jọ́ yẹn ni. Kà á fún mi, bí o ṣe ń kà á fún ẹni tó kàn.”

Ó pẹ́ kó tó yé Bàbá. Ó ti yé mi ṣáájú rẹ̀. Wọ́n ti fẹ́ra wọn kí mọ́tò kankan tó wọ Adó. Wọ́n ti sin ọmọ pọ̀, wọ́n ti kọ́lé pọ̀. Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀, ó tún un wọ̀. Kò bi í ní ìbéèrè kan. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á, ó sì ń kọsẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ tó ti kà fún gbogbo ẹbí láìkọsẹ̀.

Nígbà tó dé ibi tó kọ pé wọ́n gbàgbé orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ nílé bó bá ti pẹ́, Yèyé gbé ọwọ́ sókè.

“Irọ́ ni ìyẹn. Ìyá mi kò gbàgbé. Bó bá wà nídìí òfì tí kò sẹ́nìkan nítòsí, á máa pe orúkọ ara rẹ̀, kó má baà sọ nù. Orúkọ tí wọ́n fún un ní ulé tí wọ́n tà á sí ni gbogbo ayé mọ̀. Èmi ló sọ tòótọ́ fún. Ó ní bí mo bá lọ sílé ọkọ, kí n má sọ ọ́.”

Bàbá bi í bóyá ìdí tó fi ń bá òun jà lórí ìwé láti ọjọ́ yìí nìyẹn.

“Mo rò pé bí o bá ń wú ilẹ̀ báyìí, wàá kàn mí,” ni Yèyé fèsì. “N kò mọ̀ pé ara rẹ lo máa kọ́kọ́ wú.”

Bàbá fa ìlà gba inú gbólóhùn náà. Nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀, ohun tí ẹ óò bá níbẹ̀ ni: Àwọn kan wà tí wọn kò gbàgbé. Ó wá bi Yèyé ní orúkọ ìyá rẹ̀. Yèyé sọ ọ́, ohùn rẹ̀ kò ròkè ju ti ẹni tó ń gbàdúrà lọ. Bàbá ti gègé bọ inú yíǹkì, ó ti gbé e sórí tákàdá, kí Yèyé tó di ọwọ́ rẹ̀ mú.

“Má kọ ọ́. Kò sẹ́ni tó fi pè é mọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti tà á, àfi òun fúnra rẹ̀. Pè é.”

Bàbá fi gègé sílẹ̀. Ó wo iwájú, ó pe orúkọ náà sókè, bí a ti ń pe ẹni tó wà ní ẹ̀yìnkùlé. Mo gbọ́ ọ. N kò ní kọ ọ́ síbí.

“Mò ń bọ̀ o,” Yèyé bá ìyá rẹ̀ dáhùn.